Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń lọ sí míṣọ̀n, ẹ má fi àlàáfíà irọ́ ránṣẹ́ sílé

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Mo kí ẹ̀yin tó ti gba lẹ́tà ìpè yín láti lọ wàásù fún ìjọ wa, ìjọ Mọ́mọ́nì, tó ń ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà dúdú kiri ọjà Wuse. Mo kí ẹ̀yin tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ghana, ní Kenya, ní ìlú òyìnbó. Mo kí ẹ̀yin ọmọbìnrin pẹ̀lú. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ.

Ọmọ wa kan padà dé, òun ló mú mi kọ̀wé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní sọ apá ibi tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé nínú Abuja yìí. Ọdún méjì ló yẹ kó lò ní Zambia. Kò lò tó ọdún kan tí wọ́n fi gbé e wálé. Láti ìgbà tó ti dé, kò jáde síta lójú ọ̀sán. Ìyá rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ bá a ní yàrá. Tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, á yára pa iná.

Kí ló ṣe? Kò jalè. Kò fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún. Inú ló ń run ún. Ọgbẹ́ inú ti ń bá a jà láti ilé ìwé, ó sì gbé e mọ́ra lọ sí Lusaka. Nígbà tí òtútù oṣù kẹfà ibẹ̀ mú, tí ara ò gba ṣímà tí wọ́n ń fi àgbàdo rò, ó ń jẹ díẹ̀, ó ń da ìyókù nù kí ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wàásù má baà rí i. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí a máa ń gbààwẹ̀, òun náà ń gbà á. Ta ló ní kí aláìsàn gbààwẹ̀? Ìjọ ò sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í pé kí ló dé tó ń jẹun. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé tó bá pe ilé, á fẹ̀yìn ti ògiri, á rẹ́rìn-ín, á fi ìkòkò tó wà lórí iná hàn wọ́n. "Mọ́mì, mo wà dáadáa." Títí ó fi bì ẹ̀jẹ̀ lẹ́bàá títì, àpò ìwé ṣì wà léjìká rẹ̀.

Èmi fúnra mi lọ jókòó tì í. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Mọ́mì àgbà, mi ò fẹ́ kí wọ́n dá mi padà."

Ẹ̀rù yìí ló ń bà mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Àìsàn ò bà mí lẹ́rù tó o. Àìsàn lóògùn. Ẹnu tí ẹ ń pa dé ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo mọ bí ọjọ́ yín ṣe ń lọ, ọmọ tèmi náà ti ṣe é. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ẹ ti dìde: àdúrà, eré ìdárayá, Bíbélì, Ìwé ti Mọ́mọ́nì. Lẹ́yìn náà, ó di títì. Ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn nínú oòrùn, ẹni tó ní kí ẹ wá laago mẹ́rin á ti jáde laago mẹ́ta, ẹlòmíràn á ti ilẹ̀kùn mọ́ yín lójú. Ẹ ó padà sí yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tí ẹ ò yàn fúnra yín, ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn, tó ń hanrun, tí ẹ ò sì gbọdọ̀ fi sílẹ̀ lọ síbì kankan. Kí ẹ tó mọwọ́ ara yín tán, wọ́n á ti pààrọ̀ rẹ̀. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti wà lórí ibùsùn. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ lẹ fi ń fọṣọ, tí ẹ fi ń ra ata, tí ẹ fi ń gẹrun, tí ẹ fi ń pe ìyá yín. Ọdún méjì fún ọkùnrin, oṣù méjìdínlógún fún obìnrin. Láti ọdún 2012 ni wọ́n sì ti gbà kí ọmọkùnrin ọdún méjìdínlógún máa lọ. Ọmọ ọdún méjìdínlógún! Iṣẹ́ gidi ni. Kó rẹ ènìyàn níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kó sunkún ilé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ẹ bi àwọn àgbà wò, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agboolé kan níbẹ̀ láyé ìgbà náà tí kò lẹ́ni ní Jos, ní Gusau tàbí ní Kano. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sí Jos, ó ń bá oníṣòwò kan ta aṣọ. Bàbá wa ò mọ̀wé, èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà rẹ̀ fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bàbá mi ọ̀wọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Àlàáfíà ni mo wà, mo sì nírètí pé ẹ̀yin náà wà bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, á wá máa kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dórí ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà wa. Bàbá á ní kí n tún ibi àlàáfíà yẹn kà. Mo á tún un kà, á mi orí, á ká lẹ́tà náà sínú fìlà rẹ̀. Nígbà tó yá, lẹ́tà wá ń kúrú. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà ń wọ́, bíi ti ẹni tó ń dúró mí láàárín ọ̀rọ̀. Àlàáfíà ṣì wà nínú rẹ̀ o, kò yẹ̀.

Ará ìlú wa kan tó ti Jos dé ló tú àṣírí. Ikọ́ ife ni. Ó ti kúrò nídìí aṣọ tipẹ́tipẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sùn. Bàbá wa wọ rélùwéè láti Ìlọrin lọ gbé e. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé, ìyá wa ń sunkún, àwọn aládùúgbò kún ẹnu ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo ni Bàbá bi í: "Ṣé kò sí àyè nílé wa ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ò rí èsì fọ̀. Ó yè é, ó láya, ó bímọ. Àmọ́ títí tó fi kú, kò lè gun òkè kékeré kó má dúró mí.

Lẹ́tà tìgbà yẹn a máa pẹ́ lọ́nà, ènìyàn lè fara pamọ́ sẹ́yìn ìwé. Ẹ̀yin ńkọ́? Kó tó di ọdún 2019, Kérésì àti Ọjọ́ Ìyá nìkan ni ọmọ tó wà ní míṣọ̀n fi ń gbóhùn ìyá rẹ̀. Ní ọdún yẹn ni ìjọ yọ̀ǹda pé kí ẹ máa pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàwòrán-tohùn. Ojú kojú lẹ wá ń pa irọ́ àlàáfíà yẹn fún wa báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi, inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí àwa òbí. Ẹ dá aṣọ ẹbí nítorí pé ọmọ fẹ́ lọ wàásù, ẹ gbé àwòrán rẹ̀ sórí bébà gàgàrà, ẹ pe onílù. Báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa lẹ́nu láti sọ pé inú ń run òun? Ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn kó tó wọ bàlúù. Inú ń bí mi sí ẹ̀yin tí ẹ ń bi ọmọ yìí pé "kí ló ṣe tí wọ́n fi lé e?" Ta ló lé e? Ẹ dákẹ́ jàre! Ẹni tó kọ "sáwálé" sórí WhatsApp àwọn ọ̀dọ́, mo mọ̀ ọ́, mo sì mọ ìyá tó bí ọ.

Mo mọ ibi tó ti ń dùn wá. Ìjọ yìí ò tíì pẹ́ nílẹ̀ wa. Oṣù kọkànlá ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ ri àwọn ènìyàn bọmi ní ilẹ̀ Ìgbò lọ́hùn-ún. Púpọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà nínú rẹ̀ ní Abuja, àwa la kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nílé wa. Onítẹ̀bọmi ni gbogbo ẹbí mi, ojú tí wọ́n fi wò mí lọ́jọ́ tí mo ní mo ti di Mọ́mọ́nì, n ò lè gbàgbé. Nítorí náà, ọmọ tó lọ ti di ẹ̀rí wa lójú àwọn ẹbí, a ò fẹ́ kí ẹ̀rí náà ṣẹ́rí padà. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọmọ kọ́ la ó fi dá àwọn ẹbí lóhùn.

Ẹ̀yin tó ń kọ fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, dókítà máa yẹ̀ yín wò. Tó bá jẹ́ ikọ́ sémìí-sémìí ni, tó bá jẹ́ fọ̀níkúfọ̀larùn ni, tó bá jẹ́ pé ìgbà kan wà tí ìrònú gbé yín dè tí ẹ ò lè sùn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń fò ó kí wọ́n má baà sọ pé rárá fún wọn. Iṣẹ́ ìsìn tí ènìyàn ń ṣe láti ilé òbí rẹ̀ wà, ìjọ fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, wọ́n sì ń kí ẹni tó bá parí rẹ̀ bíi ti ẹni tó lọ sókè òkun.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ̀yin ọkùnrin. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ẹ̀ ń kọ lẹ́tà sí ààrẹ míṣọ̀n tó ń darí yín níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àbí? Ẹ má fi kìkì iye àwọn tí ẹ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ kún un. Ìyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀ bí ìyá fún yín, ẹ pè é. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ẹ ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Ẹ sọ fún ẹnìkejì yín. Tó bá sì jẹ́ pé ẹnìkejì ló ń da oúnjẹ nù, ẹ má bo àṣírí rẹ̀, ẹ wí fún àgbà, kó bínú sí yín bó bá fẹ́.

Ìwọ tó wà nínú yàrá, mo mọ̀ pé wọ́n á ka èyí fún ọ. Mọ́ín-mọ́ín tí kò ní ata ni mò ń sè lọ́jọ́ Ẹtì. Máa bọ̀ ní Kubwa. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní nǹkan kan.

Ẹ̀yin tó kù, ọjọ́ Ajé ń bọ̀, ẹ ó pe ilé. Ẹ sọ fún ìyá yín ohun tí ẹ jẹ lánàá, bí ẹ ṣe sùn, ibi tó ń dùn yín. Ó ti ń gbé fóònù náà kiri láti àárọ̀, ẹ má fi "dáadáa" dá a lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá yín ní Kubwa.