Àlàbí, gbé fóònù ẹ

Àlàbí ọmọ mi,

Mo pè ẹ́ títí kò wọlé, ìgbà tó wá wọlé o ò gbé e, ìyẹn ni mo ṣe ní kí Bùkọ́lá bá mi tẹ èyí sí ẹ lórí WhatsApp, bó ò bá fẹ́ fèsì má fèsì, ṣáà kà á tán. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti dẹwọ́. Bùkọ́lá ti ṣe JAMB. Ewúrẹ́ bí méjì. Aṣọ ẹgbẹ́ bàbá ẹ fún Ojúde Ọba ti jáde, kò sì jẹ́ ká gbádùn mọ́ nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ ló gbé mi dé ibí.

Ìyá Táíwò tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi l'Ókè-Àjẹ, ẹni tó máa ń bu gàrí sí ọ̀rá fún ẹ nígbà tó o bá ń padà sílé ìwé, ó yá ₦20,000 lórí app ayánilówó inú fóònù kó lè fi ra ọjà. Ọjọ́ pé, owó ò pé. Nígbà tílẹ̀ máa mọ́, fóònù gbogbo ọjà ń dún. Fọ́tò ẹ̀ ni wọ́n gbé síbẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ OLÈ sí i láyà, wọ́n ní ẹni tó bá rí i kó mú un. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, sí pásítọ̀ ẹ̀, sí àwọn àna ẹ̀, àní sí ẹni tó ń bá a ṣe ọkọ̀ ọjà. Mo mọ fọ́tò yẹn o. Ibi ìkómọ ọmọ Ṣadé la ti yà á, èmi ni mo jókòó tì í, wọ́n gé mi kúrò ṣùgbọ́n etí gèlè mi ṣì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin yẹn ò wá sọ́jà mọ́.

Wọ́n wá ní iléeṣẹ́ tó ṣe é, ibẹ̀ lo ti ń ṣiṣẹ́. Àlàbí, ṣé ìwọ lo tẹ̀ ẹ́?

Mo lọ bá bùọ̀dá Lékè, lọ́yà, n'Ìta Ọ̀ṣìn. Mo ní ṣé bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń fi mẹ́sẹ́jì ránṣẹ́ fúnra ẹ̀, ọ̀ràn náà ṣì kan ọmọ mi? Ó ní èèyàn ló ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe fún un. Ó ní òfin ààbò data ti 2023 wà nílẹ̀, èmi tí mi ò yá kọ́bọ̀, ta ló gbàṣẹ lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó fi nọ́ńbà mi ṣiṣẹ́? Òfin Cybercrimes náà wà láti 2015, wọ́n tún un ṣe ní 2024, ẹni tó bá fi fóònù dẹ́rù ba èèyàn lè fi ẹ̀wọ̀n jura. Ó ní lóṣù kẹta 2022 àwọn FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń yáni lówó báyìí ní Òpèbí, n'Ìkẹjà. Google náà ti ní láti 2023 pé app ayánilówó ò gbọ́dọ̀ wọnú nọ́ńbà tó wà nínú fóònù èèyàn. Kí ló dé tí tiyín ṣì ń wọ̀ ọ́? Ṣé o bi wọ́n?

Ọmọ dáadáa ni ẹ́, mo mọ̀. Adìẹ lásán o kì í lè pa á.

Láyé àwọn bàbá wa, bí gbèsè bá pọ̀ wọ́n á gbé ológò, ẹni tó máa jókòó sílé onígbèsè títí á fi sanwó, lọ dógò tì í, á máa ni ilé lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí ojú ẹ̀, wọ́n mọ ilé tó ti wá, àgbà lè bẹ̀ ẹ́. Tiyín, orúkọ tí kì í ṣe tìẹ lo fi ń pe èèyàn. O sọ fún mi nígbà yẹn, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n sùn. O pè mí lóṣù tó o bẹ̀rẹ̀, o ní màmi, mi ò lè ṣe iṣẹ́ yìí, táágẹ́ẹ̀tì wọn le, àwọn èèyàn ń sunkún sí mi létí. Kí ni mo sọ? Mo ní iṣẹ́ ò sí níta, mo ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tá a máa jẹ́ ẹ fún. Owó tó o ń fi ránṣẹ́ ló dí mi lẹ́nu. Páànù tuntun tó wà lórí ilé yìí, owó ẹ ni. Èmi ni mo tì ẹ́ padà síbẹ̀, o ti fẹ́ kúrò tẹ́lẹ̀.

Mo gba òwe yẹn padà. Bí wọ́n bá tún ní kó o fi fọ́tò ẹnikẹ́ni ránṣẹ́, kọ í-méèlì sí ọ̀gá ẹ pé o ò ní í ṣe é, kí ẹ̀rí wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó o máa lọ, máa bọ̀. Má kó nọ́ńbà oníbàárà kankan jáde, má sì pa ohunkóhun rẹ́ nínú fóònù ẹ, lọ́yà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àbí o fẹ́ kí ọlọ́pàá wá mú ẹ kí n tó gbọ́ ohùn ẹ? Ta ló kọ́ ẹ ní irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn?

Má ronú owó ilé, gàrí ń tà. Ṣáà pè mí lálẹ́ òní, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bó bá jẹ́ ìwọ lo tẹ̀ ẹ́, sọ fún mi, a jọ máa lọ bá Ìyá Táíwò nílé ẹ̀ ni. Bí kì í bá ṣe ìwọ, sọ ìyẹn náà fún mi, kí n lè wò ó lójú.

Màmá ẹ ni