Ilẹ̀ tó ń sán lórí ihò wúrà: ẹ kan èèkàn kí ẹ tó dí i

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Wúrà wà nínú ilẹ̀ Yàgbà, láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìsánlú, ibi tí wọ́n bá sì ti ń gbẹ́ ihò tọ wúrà lọ, ojú ilẹ̀ lè sán. Iyẹ̀pẹ̀ làwọn èèyàn sábà máa ń dà sí i lójú ẹsẹ̀, nítorí ọmọdé àti ẹran. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí à bá fi mọ̀ bóyá ilẹ̀ ọ̀hún ṣì ń rìn ni wọ́n bò mọ́lẹ̀ yẹn.

Lóòótọ́, ilẹ̀ amọ̀ a máa sán lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyẹn a máa rí wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n, á sì dí bí òjò bá rọ̀. Ti ihò máa ń gùn lọ ní ìlà kan, tàbí kó yí ibi tó ń rì ká, ẹ̀gbẹ́ kan á sì lọ sílẹ̀ ju èkejì. Ó lè jẹ́ pé igi tí wọ́n fi gbé òrùlé ihò ró ti jẹrà, tàbí kí wọ́n ti wa òpó òkúta tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀. Òrùlé á máa já díẹ̀díẹ̀, àyè òfìfo á máa gòkè. Yangí tó le lè gbé ojú ilẹ̀ dúró fún ìgbà pípẹ́, títí omi òjò á fi rin ín.

Láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń rìn, ẹ fi irin ṣe èèkàn. Ẹ gé irin 12 mm ní 60 cm, ẹ gbá a wọlẹ̀ títí á fi ku 10 cm, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, mítà kan sí ẹnu ibi tó sán. Bó bá sún mọ́ ẹnu jù, etí ilẹ̀ ló máa gbé e ṣubú. Igi kò dáa, ikán á jẹ ẹ́. Ẹ lu ojú àmì kékeré sórí irin, kí téèpù lè máa bẹ̀rẹ̀ níbì kan náà. Téèpù irin ni o, ti aṣọ máa ń fà. Ẹ ṣe irú èèkàn bẹ́ẹ̀ síbi mẹ́ta, kí ẹ sì fi ọ̀dà sàmì sí orí méjèèjì tí ilẹ̀ sán dé, torí ó lè máa gùn láì fẹ̀.

Ẹ máa wọn àyè tó wà láàárín irin méjèèjì ní òwúrọ̀: lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lójoojúmọ́ nígbà òjò. Ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n, àti bóyá òjò rọ̀. Mìlímítà kan lè jẹ́ àṣìṣe ọwọ́. Bó bá ń pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ilẹ̀ ń rìn nìyẹn. Bí ìrìn náà bá ń yára sí i, kí àwọn tó ń gbé nítòsí kúrò. Fífẹ̀ nìkan kọ́ ló ń dẹ́rù bani. Ibi tó bá ti rì tàbí tó lu, ẹ má gun apá inú rẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì dá lọ.

Lẹ́yìn èèkàn ni kí ẹ tó dí i. Ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ wọlẹ̀ ní 30 cm, ẹ fi amọ̀ tútù kún un ní ìpele-ìpele, kí ẹ máa gún un. Iyanrìn á kàn jò wọ inú ihò ni. Ẹ la ojú àgbàrá gba ibòmíràn.

Òfin Ìwakùsà ọdún 2007, abala 116, ní kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà bá ìlú ṣe àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo bẹ àwọn ọba àti ìjòyè wa: ẹ jẹ́ kí èèkàn, ìwọ̀n àti ìwé àkọsílẹ̀ wà nínú àdéhùn náà, kí ẹ̀dà kan sì máa wà láàfin.

Òǹkàwé yín,
Ìsánlú, ìpínlẹ̀ Kogí.