Sí Délé, lórí ìwé àpilẹ̀kọ àti dídúró níwájú àwùjọ

Òkè-Fìà,
Òṣogbo.

Délé mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì dúpẹ́ pé ara rẹ le, pé òtútù Kánádà kò tíì borí rẹ. O bèèrè bí mo ṣe kọ́ bí a ṣe ń kọ ìwé ìwádìí tí alábòójútó kò ní dá padà, àti bí mo ṣe ń dúró níwájú àwùjọ tí ohùn mi kì í gbọ̀n. Ẹ̀rín pa mí, nítorí pé o kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣe sẹ́mínà mi àkọ́kọ́ fún dígírì kejì.

Ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n fún mi. Sláìdì 41 ni mo gbé wá. Orí ìdí tí àwọn aláró ìlú wa fi ń fi elu, ewé tí a fi ń ṣe aró, sílẹ̀, tí wọ́n ń lo aró oníkẹ́míkà, ni iṣẹ́ náà dá lé. Mo kọ ẹ̀yìn sí àwọn ènìyàn, mo ń ka ohun tí àwọn náà ń fi ojú ara wọn kà lára ògiri. Ìtàn ìlú ni mo ṣì ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n lu agogo. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ni o rí?" Mo dákẹ́ lọ gbári, nítorí pé ohun tí mo rí wà lórí sláìdì kejìdínlógójì.

Alábòójútó mi gba ìwé náà lọ sílé. Nígbà tí ó dá a padà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ nǹkan kan sí i, àfi gbólóhùn kan ní ojú ìwé kọkànlá tí ó fi bírò pupa fàlà sí nídìí, tí ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Gbé e lọ sí ojú ìwé kìn-ín-ní." Ohun tí gbólóhùn náà sọ ni pé àwọn aláró tí mo bá sọ̀rọ̀ kò gbàgbé iṣẹ́ ìyá wọn, aró elu àti omi eérú ni ó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ìkòkò kí ó tó ṣeé lò, nígbà tí èyí tí a fi kẹ́míkà pò ti ṣetán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Láti ibẹ̀ ni mo ti tún gbogbo rẹ̀ kọ. Àwọn kan máa ń sọ pé bí àwa Yorùbá ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yípo ni kì í jẹ́ kí a mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ. N kò gbà. Tẹ́tí sí babaláwo: orúkọ àwọn awo tó dáfá ni yóò kọ́kọ́ pè, yóò sọ ẹni tí wọ́n dá a fún àti ohun tí ó gbé onítọ̀hún dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá pín ẹsẹ Ifá sí abala 8, orúkọ awo ni ó sì wà ní abala kìn-ín-ní. Kí ni a tún ń pè ní títọ́ka sí iṣẹ́ àwọn aṣíwájú? Àṣìṣe tèmi ni pé mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní awo. Mo kọ pé, "Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé elu ti parẹ́ ní Òṣogbo." Bírò pupa bèèrè pé, "Ta ni gbogbo ènìyàn?" Mo tún un kọ: "Àwọn aláró tí mo bá sọ̀rọ̀ ní àdúgbò méjì sọ pé àwọn kò ra elu mọ́." Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì dùn ún gbọ́ tó o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí n kò lè dúró tì í níwájú rẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà dá ìdíje kan sílẹ̀ lọ́dún 2008, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ti ń fi ìṣẹ́jú 3 àti sláìdì kan ṣoṣo ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ nípa rẹ̀. N kò bá wọn díje, òfin wọn ni mo kàn fi ṣe ìdánrawò. Àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di fóònù mú, ó ń ṣọ́ aago. Lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, mo lo ìṣẹ́jú 9, oorun sì ti gbé e lọ kí n tó débi ohun tí mo rí.

Sláìdì 6 péré ni mo gbé lọ sí sẹ́mínà kejì, pẹ̀lú ike aró kékeré kan tó ní ìdérí, tí mo ti rẹ aṣọ funfun sínú rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Lórí sláìdì kẹta, iná lọ. Mo fa aṣọ náà yọ. Àwọ̀ ewé ni ó bá jáde, bí atẹ́gùn sì ṣe ń fẹ́ sí i ni ó ń di búlúù díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo wọn, èmi náà sì ń sọ ohun tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn aláró láìwo bébà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ọjọ́sí dìde, ó súnmọ́ ọ̀dọ̀ mi láti wò ó dáadáa. (Tábìlì wọn tí aró ta sí, èmi ni mo fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì.)

Ìwọ náà, má tíì kó gbogbo iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́ sí mi. Fi ojú ìwé méjì àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kà á sókè ketekete. Níbi tí èémí bá ti tán ọ lẹ́nu, gé gbólóhùn náà sí méjì. Bí n kò bá rí ohun tí o rí nínú ìpínrọ̀ kìn-ín-ní, mo ti ra bírò pupa tèmi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣọlá.