Àbẹ̀kẹ́, bá mi pe Àlájà

Òṣogbo,
Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kejìlá.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú òtútù o. Mo mọ̀ pé tiyín ní Ìlú Ọba le ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti wọ ìgboro níbí náà, ètè gbogbo wa ti là. Àwọn ọmọ wà dáadáa, èyí àgbà ti wọ JSS 1. A ti pààrọ̀ páànù tó ń jò. Omi Ọ̀ṣun ṣì ń pọ́n bíi tíì oníwàrà, àwọn awakùsà lókè odò ò jẹ́ kó rójú tòrò. Màmá mi ní kí n kí ọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba ohùn sílẹ̀ fún ọ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń gùn mọ́ mi lẹ́nu. Ni mo bá mú bírò. Màá ya fọ́tò ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ, nítorí kò gbọdọ̀ pẹ́ lọ́nà.

Sátidé yìí la fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù àánú wa. Ìwọ lo sọ fún mi pé ọjọ́ karùn-ún Oṣù Kejìlá ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1985 fún àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn. Inú mi dùn pé ó bọ́ sí Sátidé. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, kò sì sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ nínú wọn láti oṣù kìíní. Aṣọ tí aráàlú bá kó wá, wọ́n á ṣà á, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á so iye rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á tà á. Owó ibẹ̀ la fi san gbèsè ilé ìwòsàn fún ìyá ọlọ́mọ 11 lọ́dún yìí, àwọn tó bímọ tán tí wọn ò rówó san kí wọ́n tó gbé ọmọ relé. O rántí ẹni àkọ́kọ́ tí a san tirẹ̀ ṣáájú ọdún yìí. Ọmọ yẹn ti ń sáré kiri báyìí.

Ohun tí a ó fi dúpẹ́ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan ní ká fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ₦5,000, mo kọ̀. Bí o bá ka owó lé ẹni tó ṣe ọ́ lóore lọ́wọ́, o ti díye lé oore náà nìyẹn, iye yẹn ò sì lè tó láéláé. Adìrẹ ni mo rà, ọ̀pá mẹ́rin mẹ́rin, èyí tí wọ́n pa láró níbí. Mo wá ní èmi fúnra mi á kọ ìwé pélébé kan sínú ti oníkálukú, ohun kan péré tí mo fi ojú ara mi rí i pé ó ṣe. Agùnbánirọ̀ wa, mo kọ ti ọjọ́ tó gbé àpò aṣọ méjì sẹ́yìn láti Ayétòrò wá nígbà tí ò sí ọ̀kadà. Ìyá Tóyìn, mo kọ bó ṣe ń fẹ́ iná áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ́sẹ̀ tí wọn ò mú iná wá rárá, tí eérú bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo ti kọ mẹ́jọ.

Ti Àlájà ni mi ò lè kọ.

Àbẹ̀kẹ́, o mọ ọwọ́ Àlájà lára aṣọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é bíi tiẹ̀. Yóò gbé ṣòkòtò ọmọdé sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, yóò ki ọwọ́ sínú ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò máa fi ìka wá inú rẹ̀ kiri títí ìmọ́lẹ̀ á fi yọ níbi tó lu. Yóò wá fi ètè rin òwú, yóò dí ihò náà débi pé ìwọ tó o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ò ní rí i mọ́. Ó ní kò sí ìdí tí aṣọ ọmọ tálákà fi gbọ́dọ̀ ní ihò nítorí pé ẹ̀dínwó la fi tà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí kò ti wá.

O rántí pé o sọ fún mi pé ní ṣọ́ọ̀bù àánú tí ò ń lọ lọ́hùn-ún, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò lè ta ọjà fún ara rẹ̀, ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ẹni méjì ló jọ ń ka owó nírọ̀lẹ́. Òfin yẹn wọ̀ mí lára. Mo kọ ọ́ sínú páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mi ò pe ẹnikẹ́ni jókòó kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í.

Lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn, Àlájà rí gáwùn ọmọdé kan, aláwọ̀ ìyeyè, tí bọ́tìnnì méjì ti já lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti lọ ra bọ́tìnnì tó bá a mu ní Ọjà Ọba, owó ara rẹ̀ ló fi rà á. Ó fẹ́ràn gáwùn náà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ju ₦1,500 sínú àpótí, ó ká a sínú àpò. Nígbà tí a fẹ́ palẹ̀mọ́, ọmọbìnrin tó ń kọ ìwé wa ò rí gáwùn. Ó bi í níṣojú àwọn oníbàárà, "Àlájà, ta ló wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ san owó rẹ̀?"

Mi ò bá ọmọ yẹn wí. Ohun tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ló tẹ̀ lé, ó sì ti sunkún débi tó yẹ. Èmi ni Àlájà wò. Owó wà lọ́wọ́ mi tí mò ń kà. Mo tẹ orí ba, mo ń ka owó lọ. Mi ò sọ pé, "Àlájà kì í ṣe ẹni tí à ń bi bẹ́ẹ̀." Gbólóhùn kan péré ni, n kò rí i sọ. Ó yọ gáwùn náà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ na apá rẹ̀ méjèèjì, ó gba ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó lọ. Kò béèrè owó rẹ̀ padà. Nígbà tí a ka àpótí tán, owó náà wà níbẹ̀ geerege.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọdún mẹ́rin ni obìnrin yìí fi dí ihò lára aṣọ ọmọ ọlọ́mọ, a ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ayé rí. Ọjọ́ tí a máa kọ́kọ́ pè é síta níwájú èèyàn, ìbéèrè olè la bi í. Mi ò rí oorun sùn dáadáa lórí ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Mo padà sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá kírun tán, mi ò ní padà. Mò ń lọ kúnlẹ̀ ni. Mi ò ní kí o bá mi bẹ̀ ẹ́, ẹnu tó dákẹ́ ló yẹ kó bẹ̀bẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni pé kí o ti pè é kí n tó dé ibẹ̀. Sọ fún un pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti rí òfin yẹn. Sọ fún un pé ìwọ náà, bí o bá fẹ́ ra ife kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹlòmíì ló ń gba owó lọ́wọ́ rẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, àti pé òfin náà ni wọ́n fi ń dáàbò bo ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má lè nàka sí i. Bí èmi bá sọ ọ́, àwáwí ló máa jọ létí rẹ̀. Ìwọ ló ń pè ní ọmọ òun, yóò gbà á lẹ́nu rẹ.

Wákàtí kan la fi ṣíwájú yín báyìí. Bí o bá pè é lọ́la ní aago méje alẹ́ tiyín, mẹ́jọ ti lù níbí, ó ti kírun Ìṣáì tán, kò sì tíì sùn. Nọ́ńbà rẹ̀ ti yí padà, màá fi tuntun ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò yìí.

Gáwùn náà wà lọ́dọ̀ mi. Bọ́tìnnì tó rà ṣì wà nínú agolo mílíìkì lórí tábìlì níbi tó fi wọ́n sí. Mo rán wọn mọ́ ọn lánàá. Kò dà bí ìránṣọ tiẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dúró.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́.