Owó Páànù Yẹn Ṣì Wà ní Báńkì

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Glasgow ti ń dẹwọ́? Gbogbo wa wà nílé ní àlàáfíà. Bàbá yín ní orúnkún ò jẹ́ káwọn lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá wà, wọ́n á rìn dé ilé aládùúgbò láìlo ọ̀pá. Àbúrò rẹ ti ṣe JAMB. Ewúrẹ́ àwọn ará ìsàlẹ̀ tún jẹ gbogbo ẹ̀fọ́ mi tán.

Owó tó o fi ránṣẹ́ wọlé. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì, ojú mi ò gbà á gbọ́, mo ní kí àbúrò rẹ bá mi kà á. Onípáànù ti wá wọn òrùlé, mo ní kó máa lọ ná. Mi ò tíì fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ́, Àdùkẹ́. Iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ tó ò ń ṣe, ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé owó ilé ló ń gbé e jẹ. Níbo lowó páànù ti wá?

Ǹ bá máa dúpẹ́ ni, bí kì í bá ṣe ohun tí mo gbọ́. Ẹnì kan tó ti London wálé wá sin òkú, má bi mí lórúkọ rẹ̀, ló sọ fún mi pé ò ń bá àwọn kan rìn tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tó máa ń ké bó bá kan irin, tí wọ́n ń wọ oko olóko lóru, tí wọ́n ń hú owó àwọn ará Róòmù, tí wọ́n sì ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ìwọ lò ń bá wọn wo àwòrán Késárì tó wà lára ẹ̀, tó ò ń sọ iye tó yẹ kí wọ́n pè é. Ó fi ń yìn ọ́ ni o! Ó ní ọmọ yìí gbọ́n. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Ṣé òótọ́ ni?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù yìí, ìwọ náà lo kọ́ mi. Nígbà tó o fi iṣẹ́ àkáńtì sílẹ̀ lọ kọ́ nípa owó àtijọ́, tí bàbá yín bá ọ bínú, ìtàn Màmá Anne Robertson, onímọ̀ owó Róòmù yẹn, lo fi tù mí nínú. O ní wọ́n bí wọn ní Glasgow ní 1910, pé yunifásítì tó o wà yẹn náà ni wọ́n ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1964 ni wọ́n di olùtọ́jú owó àtijọ́ ní mùsíọ́mù Hunterian, ó sì di 1974 kí wọ́n tó fi wọ́n jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n, nígbà tí ìfẹ̀yìntì ti kanlẹ̀kùn. Inú bí mi níbẹ̀, o sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. O ní màmá náà ò jókòó de oyè, pé wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ ní Birrens, ní Castledykes, ní Duntocher lẹ́bàá odi tí Késárì Antoninus Pius ní kí wọ́n mọ ní nǹkan bí 142, wọ́n sì kọ ìdìpọ̀ ìwé márùn-ún lórí owó Róòmù tó wà ní Hunterian nìkan, láti 1962 dé 1982. Mo ní ayé obìnrin kan odindi, lórí owó tí ò lè ra iyọ̀! O ní kí n ní sùúrù.

Èyí tó wọ̀ mí lára ni ti àwọn owó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. O ní ibikíbi ní Britain tí wọ́n bá ti hú irú ẹ̀, tó ti wà lákọsílẹ̀, màmá yẹn á wá a rí, wọ́n á kọ ibi tó ti jáde, ohun tí wọ́n dì í sí, àti Késárì tó kẹ́yìn lára ẹ̀. Ẹyọ tó kẹ́yìn yẹn ló ń sọ pé olówó ò lè ti fi í pamọ́ ṣáájú ìgbà báyìí. Bí èèyàn bá wá ṣa ẹyọ yẹn tà, ta ló tún máa mọ̀? 1997 ni wọ́n kú, àwọn ẹlòmíràn ló bá wọn parí ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sí, ó jáde ní 2000.

Ìwọ náà lo sọ ti ọkùnrin Frome yẹn, ní ilẹ̀ England, ní 2010. Ẹ̀rọ ké, ó gbẹ́ ẹ, ó rí ìkòkò, ó sì dáwọ́ dúró, ó ránṣẹ́ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹyọ 52,503! Nítorí pé wọ́n kó o ní ìpele-ìpele, wọ́n rí i pé owó Késárì Carausius, tó jẹ́ tuntun jù, ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, kì í ṣe òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n da owó yẹn kún inú ìkòkò, pé kì í ṣe pé olówó ń jù ú sí i lọ́dọọdún. Ọkùnrin náà àti olóko jọ pín £320,250. Owó tó mọ́ wà nínú iṣẹ́ yìí, Àdùkẹ́. Ṣùgbọ́n ní Scotland tó o wà, o ní ti Ọba ni ohunkóhun tí wọ́n bá hú, dandan ni kí wọ́n lọ fi hàn. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ. Bí ọlọ́pàá bá kó wọn, ṣé wọ́n á ní kí ìwọ máa lọ sílé ni?

Mo ń pariwo, mo mọ̀. Jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wó ilé ìyá ìyá mi, kí o tó wọ yunifásítì, ọkọ́ bíríkìlà kan ìkòkò kan nínú ilẹ̀ yàrá. Owó ẹyọ ló kún un, pẹ̀lú ẹ̀gbà idẹ mélòó kan. Ọkùnrin kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ gbọ́, ó wá. Kò bèèrè yàrá ta ni. Mi ò sọ fún un. A ò kà á. Ó dà á sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó sì fọ́ ìkòkò náà kó lè yá. Èmi, olùkọ́ ìtàn, mo dúró, mo ń wò ó. Owó yẹn ni mo fi san owó ilé-ìwé ọdún rẹ àkọ́kọ́. Àjọ ni bàbá yín rò pé mo kó, má sì sọ fún wọn.

Ọjọ́ tó o ń ṣàlàyé ìkòkò Frome fún mi lórí fóònù, tí mo dákẹ́, o rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ.

Ṣé ò ń jẹun? Ọrùn rẹ ti gùn nínú fọ́tò tó o gbé sórí WhatsApp. Má fi tíì àti búrẹ́dì tan ara rẹ jẹ o. Ọmọ tí mo tọ́ kì í jalè, mo mọ̀, ṣùgbọ́n èmi náà ò jalè lọ́jọ́ yẹn, mo kàn dúró ni. Bó bá jẹ́ pé ojú lásán lo bá wọn fi wo owó náà, Àdùkẹ́, ẹ̀rù yẹn gan-an ló ń bà mí.

Bí ó bá jẹ́ òótọ́, fi wọ́n sílẹ̀ lónìí, kó o sì lọ sọ fún olùkọ́ rẹ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Màá dá owó yìí padà bó ṣe wà. Bí wọ́n bá sì parọ́ mọ́ ọ, sọ ibi tó o ti rí owó, màá bẹ̀ ọ́, màá ránṣẹ́ pe onípáànù. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá yín, wọ́n sì ń bèèrè lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́ pé kí ni mò ń dúró dè. Pè mí lọ́jọ́ Sátidé. Fóònù tèmi ni kó o pè, kì í ṣe tiwọn.

Èmi ni,
Màmá rẹ