Lẹ́tà sí Àdùnní láti Shenzhen, ní China

Shenzhen,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àdùnní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Ìbejì àti àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé o ti ń bínú sí mi nítorí pé èmi kò kọ̀wé láti ìgbà Iléyá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń sọ lórí fóònù nígbà tí ó bá ń sáré wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo ṣí fèrèsé, tí mo rí lẹ́tà èdè China kan ṣoṣo tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri ilé tó kọjú sí tiwa, tí wọ́n fa ìlà yípo rẹ̀. Chāi ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé wíwó ni wọn yóò wó o. Ṣé o rántí ọ̀dà pupa ara ṣọ́ọ̀bù wa? Ìyá kan náà ló bí wọn.

Má ṣe rò pé ilé àtijọ́ ni o. Ilé alájà méje ni, kò sì tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ṣùgbọ́n arúgbó ni ilé ọgbọ̀n ọdún jẹ́ níbí. Ọdún 1980 ni ìjọba wọn sọ Shenzhen di agbègbè ọrọ̀ ajé àkànṣe, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ibùgbé àwọn apẹja àti àgbẹ̀ lẹ́bàá Hong Kong. Nígbà tí wọ́n fi ka ènìyàn ní ọdún 2020, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti ju mílíọ̀nù 17 lọ. Ọdún kan péré ni ìlú yìí fi ju ìwọ àti èmi lọ, Àdùnní. Ẹgbẹ́ wa ni, ṣùgbọ́n wo bí ó ti ga tó, kí o sì wá wo èmi.

Ìyá onílé mi kì í yé sọ̀tàn Guomao, ilé alájà 53 tí wọ́n parí ní ọdún 1985. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé àjà kan lé òmíràn, tí àwọn ará abúlé rẹ̀ sì ń lọ dúró láti máa wòran. Lónìí, bí o bá dúró ní àdúgbò Futian, níbi tí ilé Ping An ti ga ní mítà 599, Guomao yóò dàbí àbúrò tí oúnjẹ kò kárí fún. Ẹ̀gbọ́n ìyá onílé mi ọkùnrin ló lúwẹ̀ẹ́ lóru sọdá sí Hong Kong láyé ọjọ́un nítorí ebi. Ní òpin ọ̀sẹ̀ báyìí, àwọn ará Hong Kong ló ń rọ́ wá bá wa jẹun, nítorí pé tiwa kò wọ́n tó tiwọn.

Nígbà tí ìjọba gba oko lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, ilẹ̀ tí ilé wọn wà ló kù sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì kọ́lé sókè lórí rẹ̀ títí tí ilé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilé. Ilé ìbọwọ́ ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, nítorí pé o lè na ọwọ́ láti ojú fèrèsé rẹ bọ aládùúgbò lọ́wọ́. Èmi máa ń mọ ohun tí aládùúgbò mi ń sè kí ó tó bù ú sáwo. Ibẹ̀ ni aránṣọ, agbóúnjẹkiri orí alùpùpù àti àwọn ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ ti ń rí yàrá tí agbára wọn ká. Lójú tèmi, àwọn abúlé wọ̀nyí ló gbé ìlú gíga yẹn dúró. Àwọn onílé yóò gba ilé tuntun dípò èyí tí wọ́n bá wó. Àwa ayálégbé, ọjọ́ tí a óò kúrò ni wọ́n fún wa, ìparí oṣù tó ń bọ̀ sì ni. Àjèjì sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24 tí ó bá kó wọlé, nítorí náà ọ̀pọ̀ onílé ni kì í fẹ́ wa.

Orúnkún mi ti sàn, ewúro tí mo gbìn sínú garawa ti hù, ọmọ mi Tèmi sì ti ń fi èdè wọn lá àlá.

Ọjà ẹ̀rọ Huaqiangbei náà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà mi ní Computer Village ní Ìkẹjà ti ń bá àwọn tó ń ta ẹ̀yà fóònù sọ̀rọ̀ tààrà, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ nílò èmi tó wà láàárín. Mo ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n oorun kò kun ojú mi láti ọjọ́ Ẹtì.

Jọ̀wọ́, bá mi lọ sí Ìkòròdú, kí o wo ilẹ̀ wa, bóyá àwọn ọmọ onílẹ̀ kò tíì tún un tà. Ya fọ́tò rẹ̀ fún mi, kí o sì bá mi bi bíríkìlà léèrè iye tí yàrá méjì péré yóò ná mi. Má ṣe jẹ́ kí ìyá mi gbọ́, nítorí pé bí ó bá gbọ́ lónìí, yóò ti ra aṣọ ìṣílé kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Mojísọ́lá