Ọ̀rọ̀ Buhari Dá Ìjà Sílẹ̀ Nílé Yín

Bódìjà, Ìbàdàn
Oṣù Kẹjọ, 2025

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Táíwò àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Àárò yín ń sọ mí gidi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí gùn, kì í sì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí ará ọjà gbọ́ lẹ́nu mi lórí fóònù, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Bàbá yín àti ẹ̀gbọ́n rẹ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Buhari ló dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, 13 oṣù Keje, tí ìròyìn dé pé ó ti kú ní London, mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, mo gbé ata wá fún Màmá. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n ní, "Olóòótọ́ tó ṣẹ́kù ti lọ." Ẹ̀gbọ́n rẹ ò jẹ́ kó balẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe ààrẹ. Ní 2017, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tó fi gba ìtọ́jú ní London lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò kọ́ ọsibítù kan tí òun fúnra ẹ̀ lè dùbúlẹ̀ sí nílé. Àtúnṣe wo ló ṣe?" Bàbá ní kó dìde níwájú àwọn. Ó dìde, kò sì tíì padà jókòó síbẹ̀ títí di òní.

Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni Bàbá ń ro ẹjọ́ náà fún. Ta ló sọ 12 oṣù Kẹfà di ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa? Ta ló fún Abíọ́lá ní GCFR, oyè ọlá tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, ní 2018, nígbà tí Ọbásanjọ́ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta ti lo ọdún mẹ́jọ láìṣe é? Òótọ́ ni, mi ò lè jiyàn. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn náà ń bẹ ní Mọ́níyà, mo máa ń wọ̀ ọ́.

Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi, ṣé ìyẹn la tìtorí ẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ APC, ẹgbẹ́ Buhari, yí Mọ́kọ́lá ká ní 2015, títí bàtà rẹ yẹn fi já? Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 15 ló dìbò fún un, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìbò máa lé ààrẹ kúrò lórí oyè ní Nàìjíríà. Ohun tí à ń wá ni pé kí ẹni tó bá jí owó ìlú jìyà ẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé á rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí EFCC tó ń mú àwọn tó ń jí owó ìlú lọ kó mílíọ̀nù 43 dọ́là nínú fúláàtì n'Íkòyí ní 2017, ìwọ lo pè mí tó ń pariwo ayọ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2022, Buhari dárí ji Dariye àti Nyame, gómìnà àná Plateau àti Taraba, tí ilé ẹjọ́ jù sẹ́wọ̀n torí owó ìpínlẹ̀ wọn. Ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi kúrò lẹ́yìn ẹ̀. Mo gbà pé òun ò jalè. Àmọ́ bí ìyáálé ò bá jí ẹran jẹ, tó wá fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lé olè lọ́wọ́, ṣé ọbẹ̀ á ṣẹ́kù fún ọmọ?

Ti owó tuntun tí ìjọba ẹ̀ fi pààrọ̀ ti àtijọ́ wá ká mi mọ́ orí ìsọ̀ ní oṣù Kejì 2023. Oníbàárà dúró, fóònù lọ́wọ́, tiransífà ò wọlé, kò sẹ́ni tó ní owó lọ́wọ́. Mo ń wò ó bí tòmátì ṣe ń rọ̀, tí omi ẹ̀ ń kán nídìí apẹ̀rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ká máa ná owó àtijọ́ lọ ní 3 oṣù Kẹta, síbẹ̀ ó lé lọ́sẹ̀ kan kí báńkì àpapọ̀ tó sọ̀rọ̀. Ta ló san tòmátì mi?

Ìwọ náà kúkú mọ̀. Lẹ́yìn ìbọn tí àwọn ṣọ́jà yìn níbi ìwọ́de EndSARS ní Lẹ́kì ní oṣù Kẹwàá 2020 lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé àtikúrò nílùú.

Àbúrò mi ti ń sìnrú ìlú, lẹ́yìn gbogbo oṣù mẹ́jọ tí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi dá a jókòó ní 2022. Onílé ti fowó kún owó ilé. Ọmọ Ìyá Eléwé ti lọ́kọ. Màmá ní bí ìbò bá tún dé, òun ló máa wọlé, torí òun nìkan ni tọ̀túntòsì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu nílé yín. A rẹ́rìn-ín títí.

Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá, wọn ò sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ látìgbà ìjà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i pé ẹsẹ̀ wọn ti wú. Mo ra páálí kan, mo ní ìwọ lo fowó ránṣẹ́, ni wọ́n bá lò ó. Páálí náà ò ní pẹ́ tán.

Jọ̀ọ́, bá mi pe ẹ̀gbọ́n rẹ kó lọ dọ̀bálẹ̀. Kó má jiyàn Buhari kankan, kó ṣáà dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn náà kó o pe Bàbá fúnra wọn, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti gbọ́ ìròyìn tán. Bi wọ́n bóyá oògùn tó o ní kí n rà dé ọwọ́ wọn, kí àṣírí mi má baà tú. Kó o sì sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n mú wọn lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ajé. Tìrẹ nìkan ni wọ́n máa gbọ́.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Aláta.